Wọ́n Ní Ogbó Ni: Ohun Tí Ojú Mi Rí Lọ́wọ́ Àwọn Dókítà Ẹran Tó Yọ Eyín Ẹṣin Mi

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan, dókítà láti ilé ìwòsàn ẹran kan n'Ìbàdàn, wọ ọgbà mi l'Ọ́yọ̀ọ́ níbí, ó wo ẹnu ẹṣin mi ní ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè sín lẹ́ẹ̀mejì, ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó ní, "Bàbá, ogbó ni. Ẹ tètè bá àwọn tó ń pa á jẹ sọ̀rọ̀ kó tó rù ju báyìí lọ." Ó gba ₦20,000 lọ́wọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Rìsíìtì rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹní mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i tí ẹlòmíràn láti ilé ìwòsàn kan náà fi yọ eyín tó ti là sí méjì lẹ́nu ẹṣin yẹn. Ẹṣin ń jẹun báyìí. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí a ṣì jọ ń ṣe.

Ìjí lorúkọ ẹṣin. Ọdún 2007 ni bàbá mi rà á bọ̀ láti Ìlọrin, ọmọ ọdún 5 ni nígbà náà, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ó ti gbé ọkọ ìyàwó, ó ti gbé olóyè tuntun, ó ti gbé alága àpèjẹ kan tí ẹ̀rù bà débi pé a ní láti di itan rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì títí wọ́n fi dé abẹ́ kánópì. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ẹnikẹ́ni kì í gùn ún mọ́. Ó kàn wà lẹ́yìn ilé wa nítòsí Akẹ̀sán ni, ó ń wo àwọn èèyàn bí àgbà.

Lẹ́yìn Iléyá ni mo rí i pé ó ń rù. Á jẹ koríko díẹ̀, á máa jẹ ẹ́ lápá kan, á gbé orí dàgẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá yá á tu ìṣù rẹ̀ jáde, roboto, tútù, bí ẹni tó jẹ ìrèké tán. Mo wo ìgbẹ́ rẹ̀, ọkà bàbà wà níbẹ̀ lódindi, adìyẹ ń ṣà á jẹ. Ihò imú òsì nìkan ló ń sun ọyún, ọ̀tún gbẹ táútáú. Òórùn ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Bàbá tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀, ọmọ Ṣókótó tó ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ nílùú yìí, ní aràn ni. A fún un lóògùn aràn lẹ́ẹ̀mẹta. Aràn tó bá wà níbẹ̀ á ti kú o, ṣùgbọ́n egungun ìhà ẹṣin wá ṣeé kà lókèèrè.

Ìlú wa nìyí. Àwọn baba wa ní Ọ̀yọ́-Ilé fi ẹṣin gbógun lọ bá Dàhọ̀mì, títí Dàhọ̀mì fi gbà láti máa sin wọ́n ní 1730. Èmi ọmọ wọn wá ẹni kan ṣoṣo tó lè ki ọwọ́ bọ ẹnu ẹṣin kó sọ ohun tó rí níbẹ̀, mo wá a tì, àfi ìgbà tí mo pe Ìbàdàn.

Ọmọbìnrin kan ló gbé fóònù. Ohùn rẹ̀ dùn. "Ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì wa sà." Mo ní ẹṣin ni o, kì í ṣe ajá. Ó ní òun mọ̀ sà. Mo béèrè owó ọkọ̀ akẹ́rù, iye tí wọ́n pè tó láti ra ẹṣin mìíràn. Lẹ́yìn ìpè kẹrin ló wá rántí pé wọ́n máa ń wá sílé. Bí ọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn ṣe dé nìyẹn, tòun ti bàtà kánfáàsì funfun. Kò fẹ́ tẹ ìgbẹ́, ẹnu ọ̀nà ilé ẹṣin ló dúró sí. Ó ní ká mú ẹṣin wá bá òun. Ó fi ìka méjì gbé ètè òkè sókè, ó wo eyín iwájú, ó parí.

Eyín iwájú! Òun la fi ń mọ ọjọ́ orí ẹṣin. Bí ó bá ti gùn tó sì dagun síwájú, ọmọ kékeré ilé ẹlẹ́ṣin á sọ fún ọ pé àgbà lèyí. Ṣé ìyẹn ni mo pè é wá sọ fún mi? Ibi tó ń dun ẹṣin wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, níbi tí ọwọ́ kì í dé láìjẹ́ pé a fi irin la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Kò mú irin kankan wá. Mo bi í pé ọyún imú ńkọ́? Ó ní òtútù ni. Òtútù wo ló ń mú ihò imú kan tí kì í mú èkejì?

Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyàwó mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé ẹran ni. Mo ní ẹran bàbá mi ni.

Mo tún pè wọ́n lọ́jọ́ kejì, mo sì sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí àgbà sọ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọbìnrin orí fóònù gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ má bínú sà. A ó fi dókítà mìíràn ránṣẹ́, ẹ ò ní san owó àyẹ̀wò mọ́." Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n dá fún wa. Mo pè láago mẹ́wàá, ó ní wọ́n ti wà ní Fíditì. Mo pè láago mọ́kànlá, Fíditì. Mo pè nígbà tí wọ́n ń kírun ọ̀sán, ó tún ní Fíditì. Mo bi í bóyá Fíditì ni dókítà yìí kọ́lé sí. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló tún wá bí mi nínú jù. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọkọ̀ wọn wọlé, tòun ti ẹrẹ̀. Táyà méjì ló bẹ́ mọ́ wọn lábẹ́ ní Fíditì lóòótọ́. Ọmọbìnrin náà kò parọ́, kò kàn sọ òtítọ́ náà tán ni. Kí ló ní kó má sọ "táyà"?

Obìnrin ni dókítà, kò tíì tó ẹni ọgbọ̀n ọdún lójú tèmi. Ó kúnlẹ̀ kí mi nínú erùpẹ̀ ibẹ̀. Mo fẹ́ bínú, ìbínú ò wá mọ́. Kò fọwọ́ kan ẹṣin. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní koríko díẹ̀." Ó wá dúró, ó ń wò ó bó ṣe ń jẹun, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sún mọ́ ọn, ó fi etí sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó mú ìṣù tí ẹṣin tu sílẹ̀, ó tú u wò, ó gbóòórùn rẹ̀. Bàbá ọmọ Ṣókótó wò mí, ó mi orí. Àwa méjèèjì ti mọ̀ nígbà yẹn pé èyí yàtọ̀.

Ó fún Ìjí ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹṣin tòògbé lóòró. Orí ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń sùn nínú wáàsì, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Wọ́n fi okùn gbé orí rẹ̀ kọ́ igi àjà, wọ́n fi irin la ẹnu rẹ̀, irin náà ń sún díẹ̀díẹ̀ bíi jáàkì mọ́tò. Dókítà de iná mọ́ iwájú orí bíi ti ọdẹ. Ó fọ ẹnu náà, ó wò ó. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá fojú yín rí i."

Mo rí i. Lókè lápá òsì, eyín kẹrin nínú àwọn tó fi ń lọ oúnjẹ ti là láàárín, koríko tó ti rà há sínú rẹ̀, dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní gbòǹgbò eyín ibẹ̀ wà nínú ihò egungun ojú tó já sí imú, ọyún rẹ̀ ló ń gba imú òsì jáde. Ó ní eyín yẹn gan-an ló ń yọ kí ẹṣin tó pé ọdún kan àbọ̀, òun ló ti pẹ́ jù nínú àwọn tó fi ń lọ oúnjẹ, abájọ tí òun fi sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Mo ní, "Dókítà, ẹni tó wá ṣáájú ní ogbó ni." Ó dákẹ́ díẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní eyín ẹṣin dà bí iṣu nínú ebè, èyí tó wà lábẹ́ pọ̀ ju èyí tó hàn lọ. Lọ́dọọdún ó ń sún jáde bíi mìlímítà 2 sí 3, koríko sì ń lọ̀ ọ́ kúrò. Ní ọjọ́ orí Ìjí, iṣu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ebè. Ká ní ẹṣin ọlọ́dún méje ni, ilẹ̀ ìbá ṣú mọ́ wa níbẹ̀, ó tiẹ̀ lè di pé ká la egungun. "Ogbó rẹ̀ ló máa bá wa ṣe é, Bàbá."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ó gún abẹ́rẹ́ kan lábẹ́ ojú, kí ibi eyín náà má bàa mọ ìrora. Ó dá erìgì kúrò lára eyín yíká, ó fi irin pẹlẹbẹ sí àárín eyín sí eyín, ó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń sinmi, ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá fi ẹ̀mú gígùn kan dì í mú, ó ń mì í lọ, ó ń mì í bọ̀. Kò fà á rárá. Mo ní ṣé kí n bá a fà á, ó ní ẹni tó bá kánjú fà á, á kán sínú, ìdààmú gan-an á wá bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan kọjá. Ọmọkùnrin tó bá a wá gba ẹ̀mú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí dókítà lè na ọwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti lé. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú, èmi ẹni ọdún 61, mi ò sì jókòó.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì àbọ̀ kí ibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún pọ̀ṣọ̀, pọ̀ṣọ̀, bí ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ìfófòó ẹ̀jẹ̀ sì yọ létí eyín. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Ó ti gbà." Ó tì í sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, eyín bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀là méjì. Kò gùn ju oríkèé ìka méjì lọ. Òórùn rẹ̀ lé adìyẹ kúrò lágbàlá. Ó to ẹ̀là méjèèjì pọ̀ lórí àwo bí ẹni ń to ìkòkò tó fọ́, láti mọ̀ bóyá nǹkan kù sínú, ó sì tún fi jígí wo ihò náà. Ó fi ohun rírọ̀ kan bí àmọ̀ dí i kí oúnjẹ má bàa wọ imú, ó fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, ó ka oògùn lé mi lọ́wọ́. Èérí rírẹ sínú omi gbígbóná ni kó máa jẹ, kí koríko rẹ̀ jẹ́ gígé kéékèèké. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí oògùn, nítorí ọ́fíìsì wọn kò fún un ní ìwé ìtọ́ni kankan.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, omi èérí ń dà jáde ní ihò imú méjèèjì, Ìjí na ọrùn, ó ń wúkọ́. Ọ́fíìsì kò gbé fóònù. Dókítà gbé tirẹ̀. Ó béèrè bóyá èérí gbígbẹ ló jẹ. Bàbá ọmọ Ṣókótó wo ilẹ̀. Dókítà ní oúnjẹ ló há a lọ́fun, ká kó oúnjẹ àti omi kúrò, ká jẹ́ kó gbé orí sílẹ̀, bí kò bá lọ láàárín wákàtí kan kí n pe òun, òun á gbéra lóru. Ó lọ. Dókítà fúnra rẹ̀ ló tún pè padà láago mọ́kànlá láti bi mí.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí. Imú ti gbẹ, adìyẹ kò rí ọkà ṣà nínú ìgbẹ́ mọ́, mi ò lè ka egungun ìhà rẹ̀ lókèèrè mọ́. Eyín ìsàlẹ̀ tó kọjú sí ihò yẹn kò ní ohun tí yóò máa lọ̀ ọ́ mọ́, yóò máa gùn ni, wọ́n gbọ́dọ̀ máa wá fá a lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? ₦185,000 la jọ sọ. Iye tó wá sórí fóònù mi jẹ́ ₦205,000: owó àyẹ̀wò tí wọ́n ní mi ò ní san. Ọmọbìnrin orí fóònù ní kọ̀ǹpútà ló gbé e síbẹ̀ sà. Mo ní ṣé kọ̀ǹpútà ló wá wo ẹnu ẹṣin mi ni? Ó ní kí n san án ná, wọ́n á dá a padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mo san án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà nìyẹn. Pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, ₦40,000 ni mo ti san fún àyẹ̀wò, nínú rẹ̀ ₦20,000 fún ẹni tó ní kí n tà á fún àwọn apẹran.

Ọmọ mi tó ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí ní ìràwọ̀ 5 ló yẹ wọ́n pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí. Mo ní kó tẹ 2. Bí ₦20,000 mi bá wọlé, a ó tún un wò.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti san àsansílẹ̀ fún ìgbà tí wọ́n ń bọ̀ wá fá eyín, mo sì ti sọ fún wọn pé ẹni tó pẹ́ ní Fíditì yẹn ni mo fẹ́.