Àpò aṣọ oní-lítà 20: ó gbayì, àmọ́ òùngbẹ ń gbẹ ẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbin tòmátò sílé, àpò yìí, tí wọ́n fi aṣọ rán fún gbígbin nǹkan, sàn ju ike tí wọ́n fi ń gbin nǹkan lọ. Nínú ike, gbòǹgbò máa ń lọ́ yípo. Nínú àpò, tó bá kan etí, á dúró, á yọ ẹ̀ka tuntun. Igi kan péré ni kẹ́ ẹ gbìn sínú rẹ̀. Ẹ po korobá erùpẹ̀ méjì mọ́ korobá ajílẹ̀ kan tó ti jẹrà. Erùpẹ̀ nìkan á le gbagidi.

Àléébù rẹ̀? Ó tètè ń gbẹ. Nígbà oòrùn, ojoojúmọ́ lẹ máa bomi rin ín. Bó bá gbẹ jù, omi á kàn gba ẹ̀gbẹ́ ṣàn jáde, àárín ò ní rí nǹkan kan mu. Ẹ bu díẹ̀, ẹ dúró ná, kẹ́ ẹ tó bu ìyókù. Ọwọ́ tí wọ́n rán mọ́ ọn ò sì ṣeé fọkàn tán: ibi tí àpò náà máa wà ni kẹ́ ẹ ti rọ erùpẹ̀ sí i.