Scalextric tàbí Carrera GO!!!: Èwo Ni Kí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kó Ọkọ̀ Eré-Ìje Jọ Rà?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkọ̀ eré-ìje kéékèèké jọ, àwọn tó ń fi iná sáré lójú ọ̀nà oníke, ó sì ní kí n bá òun yan àpótí àkọ́kọ́. Méjì la gbé yẹ̀ wò: Scalextric ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti wà lọ́jà láti ọdún 1957, àti Carrera GO!!! ti Jámánì.

Bákan náà ni àwọn méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló ń gbé iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò gbọọrọ tí ọkọ̀ ń tọ̀, wáyà abẹ́ ọkọ̀ a sì gbà á fún mọ́tò. Ẹni tó bá tẹ ohun ìdarí mọ́lẹ̀ ní kọ́nà yóò rí i tí ọkọ̀ rẹ̀ fò dànù, bí òòfà abẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń fà á mọ́ irin.

Ìwọ̀n ló yà wọ́n. Carrera GO!!! jẹ́ ìdá kan nínú 43 ọkọ̀ gidi, ó sì dára fún ọmọdé àti yàrá tóóró. Scalextric tí a yẹ̀ wò jẹ́ ìdá kan nínú 32, ìyẹn ni pé ọkọ̀ tó gùn ní mítà mẹ́rin ààbọ̀ yóò di bíi sẹ̀ǹtímítà 14. Òun ni mo yàn, nítorí pé ẹni tó ń kó nǹkan jọ kò ní dúró lórí ọkọ̀ méjì inú àpótí, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn bíi Slot.it ti Ítálì sì ń ṣe ọkọ̀ ìwọ̀n yìí tó lè sáré lójú ọ̀nà kan náà. Mo ní kó mú èyí tí ọ̀nà rẹ̀ lọ́ bíi nọ́ńbà 8, nítorí pé lójú ọ̀nà tó rí roboto, ti ẹni tó wà nínú ló kúrú, ìjà kì í sì í tán ńbẹ̀.

Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa wẹ́kú. Àpótí tí wọ́n ṣe fún iná 120 ti Amẹ́ríkà ni kí ẹ sá fún, nítorí 230 ni tiwa. Mo ra tòkunbọ̀ irú rẹ̀ kan rí. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi rú èéfín, ọlọ́jà sì ní òun kì í gba ọjà padà.

Lásìkò ọyẹ́, eruku a máa bo irin wọ̀nyí, aṣọ gbígbẹ la sì fi ń nù wọ́n kí á tó ṣeré. Ẹ má tẹ́ ọ̀nà náà sórí rọ́ọ̀gì, nítorí irun rọ́ọ̀gì a máa wé mọ́ irin tó so táyà méjì pọ̀. Orí tábìlì oúnjẹ ni tiwa wà báyìí, ìyá ọmọ náà kò sì tíì yé ṣàròyé.