Jíìmù tí mò ń lọ l'Ádó-Èkìtì: kóòṣì wọn ò lẹ́gbẹ́, àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ló ń lé èèyàn sá

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi kì í sábà kọ nǹkan gígùn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe fún mi ní jíìmù tí mò ń lọ l'Ádó níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mi ò bá kọ ọ́ jáde inú mi ò lè rọ̀. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Kóòṣì kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ kí wọ́n torí ẹnu mi lé kúrò níṣẹ́, ìdí ẹ̀ nìyẹn.

Ti ẹ̀rọ, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Treadmill, ẹ̀rọ tí èèyàn ń rìn lórí ẹ̀ lójú kan, wà, kẹ̀kẹ́ wà, dumbbell, irin kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ gbé, wà lóríṣiríṣi, fáànù ń fẹ́, ilé ìtọ̀ wọn mọ́. Owó oṣù kan jẹ́ 15,000 náírà. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni mo bá wá. Ní ìparí oṣù, wọ́n máa ń wọn gbogbo èèyàn, wọ́n á kọ kílò ẹ sínú ìwé ńlá kan. Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé ọjọ́ yẹn, ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀, mo ti jẹun ọ̀sán, oòrùn sì mú débi pé omi tí mo mu lọ́jọ́ yẹn kò kéré. Ọmọbìnrin tó wà ní tábìlì ẹnu ọ̀nà ò gbójú kúrò lórí fóònù ẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ti ìwọ̀n yẹn sórí fóòmù tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ fáwọn tó fẹ́ na ara. Ó ní, "Mummy, ẹ gùn ún." Mo ní ṣé kí n bọ́ bàtà, ó ní kò ṣe nǹkan, kí n gùn ún bẹ́ẹ̀. Mo gùn ún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́rẹ́ ìwọ̀n, ó wá pariwo sí ẹnì kejì ẹ̀ tó mú ìwé dání lódìkejì, níbi táwọn ọmọkùnrin ti ń gbé irin: "Kọ ọ́ sílẹ̀, kílò 94! Mummy tún ti sanra sí i o!"

Ẹ̀yin èèyàn, ariwo ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Orin ń lọ lọ́wọ́, ohùn ẹ̀ borí orin. Ọmọkùnrin kan gbé irin ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀, ó yíjú wò mí látòkè délẹ̀. Obìnrin kan wà lẹ́yìn mi tó ń dúró kí ó kan òun náà, ọjọ́ orí wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, mo rí i bó ṣe wo ìwọ̀n, tó wo ìwé, ó kàn gbé báàgì ẹ̀, ó jáde. Mi ò tíì rí i níbẹ̀ mọ́ látìgbà yẹn. Èmi ṣì wà lórí ìwọ̀n, orí mi gbóná bí iná, n ò mọ ibi tí mo lè gbójú sí.

Kò tíì tán o. Ọmọ yìí fa dúrọ́ọ̀, ó yọ páálí tíì kan jáde, ó ní tíì yìí ni mo nílò, 7,000 náírà, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ikùn á ti wọlé. Ó tún fi bẹ́líìtì kan lé e, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ikùn kí ikùn lè fún. Mo yí ẹ̀yìn páálí yẹn wò. Senna wà nínú ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Senna tí wọ́n ń fún ẹni tí ìgbẹ́ ò wá fún! Omi ara àti ìgbẹ́ nìyẹn á lé jáde, ìwọ̀n á lọ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, tó o bá ti mu omi padà ó padà síbi tó wà nìyẹn, ọ̀rá kankan ò kúrò níbì kankan. Èmi tí mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n fẹ́ tà á fún, ẹnikẹ́ni ò sì bi mí bóyá mò ń lo oògùn. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, ó dùn mí ju ariwo lọ.

Mo bi í pé, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀ láàárín èrò nìyẹn?" Ó ní, "Mummy, ẹ má bínú, òótọ́ ni mo sọ." Mo ní kí ó pe mánéjà fún mi. Mánéjà jáde látinú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ ẹ, ó ní, "Ẹ má bínú mà, ọmọdé ló ń ṣe é." Mi ò tíì sọ ìlàjì ọ̀rọ̀ tán tó ti nawọ́ mú páálí tíì kan, ó ní kí n gbà, òun fi ta mí lọ́rẹ. Tíì kan náà! Mo gbé e padà sórí tábìlì ẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́, mi ò wá gba tíì." Ó ní òun ti bẹ̀ mí náà. Ó wọlé padà.

Mo ti ń kó ẹrù mi, mo ti pinnu pé ó tán láàárín àwa àti wọn, nígbà tí kóòṣì ìrọ̀lẹ́ wọlé. Ọmọ Ìjerò ni, ọmọ tí mi ò tíì rí kí ó jókòó rí níbi iṣẹ́. Ẹnì kan ti sọ fún un níta. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò gbé ohùn sókè. Ó gbé ìwọ̀n kúrò lórí fóòmù, ó gbé e lọ sórí táìlì lẹ́bàá ògiri, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò kí ó má baà máa mì, ó ní, "Mà, ẹ bá mi bọ́ bàtà." Ó wá dúró kọ ẹ̀yìn sí àwọn tó kù, ó fi ara ẹ̀ dí mi. Bó ṣe rí nọ́ńbà, kò sọ ọ́. Ó kọ ọ́ sórí bébà kékeré, ó fi lé mi lọ́wọ́. 93 ló wà níbẹ̀, ibi tí mo wà lóṣù tó kọjá gan-an. Ó ní ìwọ̀n tí wọ́n bá gbé sórí nǹkan tó rọ̀ kì í sọ òótọ́, àti pé oúnjẹ, omi, iyọ̀, nǹkan oṣù obìnrin, gbogbo ẹ̀ lè gbé kílò sókè bíi ẹyọ kan sí méjì láàárín ọjọ́ kan. Tí mo bá fẹ́ wọn ara mi, kí ó jẹ́ láàárọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti tọ̀, kí n tó jẹun.

Lẹ́yìn náà ló mú tépù télọ̀ wá. Kò fọwọ́ kàn mí, ó ní kí n fúnra mi wọn ìbàdí mi ní ọ̀gangan ìdodo kí n sì má fa ikùn wọlé. Ó ti kọ èyí tí mo bá dé sínú ìwé tiẹ̀, ínǹṣì 41. Mo wọn ọ́n, 38! Mo tún un wọ̀n, 38 náà ni. Ó ní, "Mà, ọ̀rá ń lọ, iṣan ń wọlé, ìwọ̀n ò mọ ìyàtọ̀ nínú méjèèjì." Ẹ̀rín ni mo bú sí, omi sì ń bọ́ lójú mi, mi ò mọ̀ pé méjèèjì lè wá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó yẹ kí n sọ bí èmi àti ọmọ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà bi mí pé kílò mélòó ni mo fẹ́ sọ nù. Òun ò bi mí bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó ní kí n lọ bá dókítà mi sọ̀rọ̀ ná kí n tó gbé ohunkóhun, ó wá ní, "Kí lẹ fẹ́ kí ara yín lè ṣe, mà?" Mo rò ó títí. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ gún iyán ilé mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìgbé ọmọ odó fún ẹlòmíì. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Èkìtì á mọ ohun tí mò ń wí. Ó ti pẹ́ tí ó jẹ́ pé bí mo bá ti gún un díẹ̀, èjìká á mú mi, èémí á gbé sókè, ọmọ ló máa ń gbà á lọ́wọ́ mi. Àwọn kan á ti fi rẹ́rìn-ín. Òun mú bébà, ó kọ ọ́ sílẹ̀: èjìká, ẹ̀yìn, ọwọ́ tó ń di nǹkan mú, èémí, orúnkún.

Nínú nǹkan márùn-ún yẹn ni gbogbo ohun tá à ń ṣe ti jáde. Orúnkún mi máa ń ro mí, torí náà kò jẹ́ kí n ṣe squat, ìyẹn kéèyàn lóṣòó kó sì dìde, táwọn ọmọdé ń ṣe. Àga ló gbé wá, ó ní kí n máa ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àpótí ìdáná, kí ìdí kan àga fẹ́ẹ́rẹ́, kí n dìde. Nígbà tó yá ó yọ àga, lẹ́yìn náà ó fi dumbbell kékeré lé mi lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń fi kún un, kò kánjú rí. Èémí ló máa ń tẹnu mọ́ jù: "Ẹ má séèémí o mà! Ẹ mí síta bí ẹ bá ń tì í sókè." Ó ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ru tó bá ń séèémí nígbà tó ń gbé nǹkan wúwo, ńṣe ni ẹ̀jẹ̀ yẹn á tún ru sókè sí i lójijì. Lórí treadmill, ó máa ń wá bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá lè dá a lóhùn ṣùgbọ́n tí mi ò lè kọrin, ó ní ibẹ̀ dáa, kí n dúró síbẹ̀. Bí mo bá lè kọrin, kí n yára sí i.

Òun ló tún sọ fún mi pé àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kí ó sì ṣe èyí tó ń mú iṣan le ní ọjọ́ méjì, ó kéré tán. Wọ́n lẹ àwòrán kan mọ́ ògiri jíìmù yẹn pé ẹni tí ìṣísẹ̀ ẹ̀ ò bá pé 10,000 lójúmọ́ ò tíì ṣe nǹkan kan. Kóòṣì ní kí n má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà mí, pé ìpolówó ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ ni wọ́n fi gbé e jáde ní Japan ní 1965, pé kéèyàn ṣáà rìn ju bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀ lọ ti lérè.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Kò ní kí n má jẹ iyán mọ́, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn, torí gbogbo àwọn tí mò ń wò lórí fóònù, nǹkan òkèlè ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ní kéèyàn jù nù. Ó ní kí n dín in kù, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú àwo, kí ẹja tàbí ẹyin tàbí ẹ̀wà má wọ́n níbẹ̀, torí iṣan ò lè wá látinú afẹ́fẹ́. Ìyẹn ni mo lè ṣe, ìyẹn ni mò ń ṣe.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí, mo gún iyán ilé. Mo gbé ọmọ odó sókè, mò ń mí síta bó ṣe ń balẹ̀, títí tí kókó kankan ò fi sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọ mi dúró tì mí pé kí òun gbà á, mo ní kí ó lọ bu ọbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, iyán yẹn kúnná, ó fà!

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí tó ń bí mi nínú títí di ìsinsìnyí. Lọ́jọ́ kejì ìwọ̀n yẹn, etí mi ló gbọ́ ọ nígbà tí mánéjà ń sọ fún kóòṣì pé kí ó má ba ọjà jẹ́ mọ́. Ọjà wo? Tíì! Ẹni tó ń jẹ́ kí àwa san owó oṣù ni wọ́n ń bá wí nítorí páálí tíì. Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀ o. Bí wọ́n bá mú iná lọ, treadmill á dúró gbì lójijì, ẹni tí kò bá di irin mú lè ṣubú, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni jẹnẹrétọ̀ ń wá. Láwọn Sátidé tí kò bá sí iná, kóòṣì yìí ló ń kó àwa tó bá fẹ́ lọ sí pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé láti lọ rìn, kò gba kọ́bọ̀ kan. Ibẹ̀ ló ti ń sọ fáwọn ọmọ kéékèèké pé ọmọ Adó lẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ pápá yẹn, pé ó wà lára àwọn mẹ́rin tó gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré ìje 4x100, èyí tí wọ́n ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn sáré, níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Barcelona ní 1992.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ni jíìmù yẹn ò le. Ẹ gbé ìwọ̀n wọ inú yàrá, kí ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Ẹ kó tíì yẹn kúrò. Ẹ wá nọ́ńbà obìnrin tó bá tiẹ̀ lọ yẹn nínú ìwé yín, ẹ pè é, ẹ bẹ̀ ẹ́. Kí ẹ sì fi kún owó kóòṣì yín.

Máàkì mi fún jíìmù: 2 nínú 5. Owó oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ mo ti san án, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń lọ, torí ìrọ̀lẹ́ ni kóòṣì yẹn ń wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá lé e, mo bá a lọ.