Perseus lórí ἵστημι: ó dá ẹ̀dà mọ̀, àmọ́ ìtumọ̀ kúkúrú rẹ̀ kò tó

Ẹni tó bá fẹ́ mọ agbára irinṣẹ́ gírámà Gíríìkì àtijọ́, kó fi ἵστημι, ọ̀rọ̀-ìṣe tó lè túmọ̀ sí “gbé nàró” tàbí “dúró”, dán an wò. Word Study Tool, èyí tó wà lórí ìkànnì Perseus ti Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà, la yẹ̀ wò níbí. Ọ̀fẹ́ ni.

Kò dìgbà tí kíbọ́ọ̀dù yín bá ní lẹ́tà Gíríìkì. Ẹ tẹ i(/sthmi. Àkámọ́ yẹn dúró fún ìró h tó ṣáájú ọ̀rọ̀, ìlà tó dagun sì ni àmì ohùn. Lẹ́tà h ni η, q ni θ, w ni ω. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn tẹ e níbi tó yẹ kó tẹ h, tàbí kó yí àkámọ́ sódì: e(/sthka ni ἕστηκα, e)/sthka kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà.

Iṣẹ́ dídá ẹ̀dà (oríṣiríṣi ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe) mọ̀ dára gan-an. Ìtumọ̀ kúkúrú tó wà lókè ló ń ṣini lọ́nà, torí pé ìtumọ̀ agbàbọ̀ nìkan (èyí tó ń gba àbọ̀, ìyẹn ohun tí a ṣe nǹkan sí), “mú dúró”, ló ń gbé síwájú. ἵστημι, στήσω àti ἔστησα ń gba àbọ̀: gbé nǹkan nàró. ἔστην (mo dìde dúró) àti ἕστηκα kì í gbà á. Perfect (ẹ̀dà fún ohun tó ti ṣẹlẹ̀ parí) ni ἕστηκα, síbẹ̀ ìsinsìnyí ló ń sọ: mo wà ní ìdúró. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba ìtumọ̀ kúkúrú yẹn gbọ́ á máa wá àbọ̀ tí kò sí nínú gbólóhùn.

Èyí tó le jù ni ἔστησαν. Aorist (ẹ̀dà fún ohun tó ṣẹlẹ̀ kọjá), ẹnìkẹta ọ̀pọ̀: àlàyé yìí bá ἔστησα mu, ó sì bá ἔστην mu, torí ẹ̀dà méjèèjì kò yàtọ̀ níbẹ̀ rárá. Ẹ má gbára lé ìbò tí àwọn òǹkàwé dì lórí èyí tó tọ̀nà, tí irinṣẹ́ náà ń kà. Ẹ wá àbọ̀. Nínú τροπαῖον ἔστησαν tí Thucydides, òpìtàn Gíríìkì àtijọ́, máa ń kọ, àmì ìṣẹ́gun ni àbọ̀, nítorí náà wọ́n gbé e nàró ni. Bí kò bá sí àbọ̀, wọ́n dìde dúró ni.

Ẹ ṣí ìwé atúmọ̀-èdè Liddell, Scott àti Jones tó wà lábẹ́ ìtumọ̀ kúkúrú náà. Abala A wà fún agbàbọ̀, B fún aláìgbàbọ̀. Ó gùn, ó sì kún fún ìkékúrú. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Middle Liddell, ìwé atúmọ̀-èdè tó kúrú ju ti òkè yìí lọ, tó wà níbẹ̀ kan náà, tó.