Fiji tàbí 3D Slicer: èwo ni kí olùwádìí ìṣègùn kọ́kọ́ kọ́?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn olùwádìí ní Adó-Èkìtì àti Ìdó-Èkìtì. Sọ́fítíwíà tí a fi ń yẹ àwòrán ìwádìí wò, tí a sì fi ń wọ̀n ọ́n, ni méjèèjì, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Agbára kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fẹ́ ló yàtọ̀.

Fiji rọrùn: ẹ tú u sínú fódà, ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kódà lórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́. Ẹni tó ń ka sẹ́ẹ̀lì lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àwòrán pamọ́ ní JPEG, ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀n á ti yí padà. TIFF ni kí ẹ lò.

3D Slicer ń fẹ́ mẹ́mọ́rì púpọ̀ àti sùúrù, àmọ́ ó ń sọ àwòrán CT (àwòrán inú ara tí a fi X-ray yà) di odindi egungun tí a lè yí wò. Ìwádìí nìkan ló wà fún o, kì í ṣe ìtọ́jú aláìsàn.

Bó bá jẹ́ máíkírósíkóòpù lẹ ní, ẹ mú Fiji. Bó bá jẹ́ àwòrán CT tàbí MRI (àwòrán inú ara tí a fi mágínẹ́ẹ̀tì yà), tí kọ̀ǹpútà yín sì lágbára, Slicer ni.