Spot àbí on-demand: èwo ni ká háyà?

Àwọn tó ń bi mí ní Àjàṣẹ́ níbí pé irú mọ́ṣíìnì wo ni kí àwọn háyà lórí cloud, ìyẹn kọ̀ǹpútà àwọn iléeṣẹ́ bí Amazon àti Google tá à ń lò látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́ o. Mọ́ṣíìnì kan náà ni méjèèjì, owó àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ló yàtọ̀. On-demand, tó o bá ṣáà ti ń sanwó, kò sẹ́ni tó máa lé ẹ. Spot ní tiẹ̀, àyè tó ṣẹ́ kù tí ẹnì kankan ò lò ni wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú, lọ́dọ̀ Amazon owó ẹ̀ lè dín tó 90%, àmọ́ tí wọ́n bá ti nílò àyè wọn, wọ́n á gbà á padà. Amazon á fún ẹ ní ìṣẹ́jú 2 kó o fi palẹ̀ mọ́, ti Google jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 30 péré, èmi tí mi ò tíì rí bàtà mi wọ̀!

Mo gbé fídíò ìgbéyàwó kan tá a yà ní Kétu sórí spot lálẹ́ ọjọ́ kan, mo lọ sùn, kí n tó jí wọ́n ti gba mọ́ṣíìnì, iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin ṣòfò torí mi ò sefù nǹkan kan síbòmíì. Ẹ̀bi mi ni ṣá. Ní báyìí mo máa ń gé fídíò sí wẹ́wẹ́, tí ọ̀kan bá ti parí ó ti lọ sí storage (ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ tó yàtọ̀ sí mọ́ṣíìnì yẹn) nìyẹn, ibi tí wọ́n bá já mi sí náà ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ sáìtì tí oníbàárà ń wọ̀, tàbí database (ibi tí ìsọfúnni sáìtì ń gbé)? On-demand ni jàre, san owó ẹ.