Àgbéyẹ̀wò: Alágbàtà mọ́gẹ́ẹ̀jì tó bá wa ra ilé ní Kent

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Iléeṣẹ́ alágbàtà kékeré kan ní Kent ni, àwọn ló bá èmi àti ọkọ mi wá mọ́gẹ́ẹ̀jì, ìyẹn owó tí báńkì yá wa láti fi ra ilé àkọ́kọ́ wa, lọ́dún 2025. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí gan-an ni bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Áàpù, ímeèlì, WhatsApp, ìpè fídíò, rọ́bọ́ọ̀tì tó ń dáhùn ìbéèrè, gbogbo ẹ̀ ló ti wọ iṣẹ́ mọ́gẹ́ẹ̀jì nílùú Ọba báyìí. Èyí tó yẹ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe wà, èyí tó yẹ kí èèyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ náà wà. Àwọn wọ̀nyí mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Ibi tá a kọ́kọ́ lọ ò mọ̀ ọ́n. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo tiwọn, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, báńkì tó bá yá èèyàn lówó ló ń sanwó iṣẹ́ wọn. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ òru àti àfikún ṣíìfù ló ń mú owó mi pé. Rọ́bọ́ọ̀tì wọn bi mí léèrè owó oṣù, mo kọ ọ́. Mo wá béèrè bóyá wọ́n á ka owó àfikún mọ́ ọn, ó ní kí n lọ ka abala ìbéèrè. Mo kà á, kò sí níbẹ̀. Mo tún un bi, ìdáhùn kan náà ló tún fún mi. Nígbà tó yá, wọ́n ní a ò kúnjú ìwọ̀n. Bẹ́ẹ̀, báńkì kan yàtọ̀ sí èkejì: àwọn kan á ka ìdajì owó àfikún, àwọn míì á ka gbogbo rẹ̀. Bákan náà lọ̀rọ̀ ọkọ mi tó ṣì wà lórí físà. Báńkì tó máa gbà á wà, tí owó àkọ́san, ìyẹn owó tá a máa kọ́kọ́ san lápò ara wa, bá ti pọ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wa níbẹ̀. Àbúrò mi kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló júwe àwọn ti Kent.

Ọ̀rọ̀ owó àjọ ni mo fi mọ̀ pé a ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Lọ́ńdọ̀nù, àjọ la fi ń kó owó àkọ́san ilé jọ. Àwa méjìlá la jọ ń dá tiwa, £500 lóṣooṣù. Tó bá kan èèyàn, á kó £6,000. Áàpù wọn máa ń ka ìwé àkáǹtì wa látinú báńkì lọ́hùn-ún, a sì ti fọwọ́ sí i pé kó máa kà á. Bó ṣe rí £6,000 yẹn tó já wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe ìbátan wa, ó sàmì pupa sí i. Òfin tó ń gbógun ti owó èrú ló fà á. Alágbàtà, báńkì àti lọ́yà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí owó ti wá. Ó ní ká mú ọ̀kan: owó oṣù, ẹ̀bùn, ogún, ohun ìní tá a tà, tàbí ẹ̀yáwó. Kò sí àjọ níbẹ̀.

Ọkọ mi ní, "Ìyá Ìbejì, mú ẹ̀bùn níbẹ̀, ká parí ẹ."

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀bùn kọ́ o. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n."

Ẹni tó bá ní ẹ̀bùn ni, ẹni tó fún un máa kọ̀wé pé òun ò ní gba owó náà padà, òun ò sì ní ìpín kankan nínú ilé. Irọ́ gbuu nìyẹn ì bá jẹ́, orí ìwé báńkì sì ni. Mo kọ ọ́ sínú áàpù pé àjọ ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, arábìnrin tó ń bójú tó wa pè mí lórí fóònù. Ó ní ká má mú ìkankan nínú ohun tí ẹ̀rọ kọ síbẹ̀, kí n sọ bí àjọ náà ṣe ń lọ fún òun. Mi ò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tó fi yé e. Jàmáíkà làwọn òbí rẹ̀ ti wá, àwọn náà sì ń dá irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pardner. Òun ni ọ̀pọ̀ àwọn ará Caribbean tó wá síbí láyé 1950 sí 1960 fi ra ilé, nígbà táwọn tó ń yáni lówó ilé ń kọ̀ wọ́n. Ó ní ká mú ìwé àkáǹtì ọdún kan tó fi hàn pé £500 ń jáde lóṣooṣù wá, ká mú ìwé tá a fi to bó ṣe máa kan oníkálukú, kí ẹni tó ń gba àjọ sì kọ̀wé kékeré tì í. Òun fúnra rẹ̀ kọ àlàyé ojú ewé kan sí báńkì, ó fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí lọ́yà. Báńkì ò bi wá ní nǹkan kan mọ́ lórí ẹ̀.

Ibòmíì tí ohùn èèyàn ti wúlò ni ìgbà tá a fẹ́ mú èlé. Áàpù máa ń to àwọn mọ́gẹ́ẹ̀jì láti orí èyí tí èlé rẹ̀ kéré jù. £250,000 la fẹ́ yá. 4.4% ló wà lókè pátápátá, 4.55% tẹ̀ lé e, kò sì sẹ́ni tí ojú ẹ̀ ò ní sáré sí ti òkè. Arábìnrin yìí ní ká bọ́ sórí ìpè fídíò, ó ṣí ìṣirò rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà, a jọ ń wò ó. Ti 4.4% yẹn, £999 ni báńkì máa kọ́kọ́ gbà lórí ẹ̀. Èkejì ò gba nǹkan kan. Ìyàtọ̀ èlé wọn tó nǹkan bí £375 lọ́dún. Tó bá jẹ́ ọdún méjì la fẹ́ fi so èlé mọ́lẹ̀ kó má yí padà, nǹkan bí £750 la máa rí jẹ nínú ẹ̀, a ó sì ti san £999. Àfi tó bá jẹ́ ọdún márùn-ún ni ti òkè tó dáa jù. Ó wá bẹ ọkọ mi pé kó tún un sọ fún òun bó ṣe yé e. Láti July 31, 2023 tí òfin Consumer Duty ti bẹ̀rẹ̀, FCA, tó ń mójú tó àwọn oníṣẹ́ owó níbí, ti ní kí wọ́n rí i dájú pé ohun tí wọ́n bá sọ yé oníbàárà. Ẹlòmíì á fi ìwé gígùn ránṣẹ́, á ní òun ti ṣe tòun. Ọdún márùn-ún la mú.

Ibẹ̀ náà ni ìràwọ̀ kan ti já. Lẹ́yìn ìpè fídíò, ọgbọ́n àtọwọ́dá wọn máa ń kọ ohun tá a sọ ní ṣókí, á fi ránṣẹ́ sí ímeèlì wa. Fún ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án, ìrọ̀rùn ńlá ni. Àmọ́ ti ọjọ́ yẹn, ọdún méjì ló kọ. Mo pè wọ́n, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n tún un ṣe. Owó ilé kì í ṣe ohun táwọn òṣìṣẹ́ máa jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ kó sì fi ránṣẹ́ láìkọ́kọ́ kà á, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Áàpù náà tún máa ń dún jù. Mo pa ohùn rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Nígbà tí Bank of England, báńkì àpapọ̀ ìlú Ọba, gé èlé rẹ̀ sí 4% lóṣù August, áàpù yìí kan náà kéde pé èlé ti wálẹ̀, mo sì rò pé tiwa náà wálẹ̀ nìyẹn. Arábìnrin yìí fi fóìsì nóòtì kúkúrú ránṣẹ́ lórí WhatsApp: èlé tá a so mọ́lẹ̀ kì í bá ti Bank of England lọ bẹ́ẹ̀, àwọn báńkì ti máa ń rò ó mọ́ tiwọn kó tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí a ò tíì gba kọ́kọ́rọ́, òun á máa ṣọ́ ọ. Nígbà tí báńkì wa dín tiẹ̀ díẹ̀, ó ti gbé wa sí i kí n tó béèrè.

Kì í gba ìwé lórí WhatsApp o. Pásípọ́ọ̀tù, ìwé owó oṣù, inú áàpù nìkan ni. Kí lọ́yà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni arábìnrin yìí ti pè wá, ó ní tí ímeèlì kankan bá wá pé àkáǹtì lọ́yà ti yí padà, ká má san án, ká pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà àkọ́kọ́ tí lọ́yà fi ránṣẹ́. Àwọn olè máa ń wọ inú ímeèlì, wọ́n á dúró de ọjọ́ tí owó àkọ́san fẹ́ lọ. Owó táwọn èèyàn fi ọdún gbọọrọ kó jọ máa ń bá a lọ.

£495 ni wọ́n gbà, ìgbà tí báńkì ti gbà láti yá wa lówó la tó san án. Báńkì náà fún wọn ní tiẹ̀, wọ́n sì ti kọ iye rẹ̀ fún wa. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń lọ geere, tí kò ní ọ̀rọ̀ físà, lè lọ sí èyí tí kì í gbowó, kó fi £495 ra àga. Ẹni tó ń ṣe àfikún ṣíìfù, tó ń dá àjọ, tàbí tó ń ṣòwò tara rẹ̀, kó wá alágbàtà tó máa gbé fóònù. Kẹ́ ẹ tó fi ìwé kankan ránṣẹ́ sí wọn, ẹ wá orúkọ wọn nínú FCA Register, ìwé orúkọ àwọn oníṣẹ́ owó tí FCA fọwọ́ sí, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ pè wọ́n.